Owó Ìtanràn àti Owó Ẹ̀ṣọ́: Ìdájọ́ Tálákà ní Amẹ́ríkà

Ohun tí a fi ń mọ ìlú tí ó ní òfin ni pé ìyà kì í tóbi ju ẹ̀ṣẹ̀ lọ, àti pé ìdájọ́ tí a dá fún olówó ni a ó dá fún tálákà nígbà tí àwọn méjèèjì bá ṣẹ ẹ̀ṣẹ̀ kan náà. Àwọn baba wa kò kọ́ èyí nínú ìwé kankan kí wọ́n tó máa sọ pé bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, a ó fi ọwọ́ òsì fà á mọ́ra. Iṣẹ́ ìbáwí ni láti tún ènìyàn ṣe. Bí ìbáwí bá wá di ohun tí ẹlòmíràn ń tà jẹ, ó ti kúrò ní ìbáwí, ó ti di òwò. Irú òwò bẹ́ẹ̀ ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí. Kì í ṣe ilẹ̀ wa ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni, pàápàá ní àwọn ìpínlẹ̀ ìhà gúúsù bíi Georgia, Alabama àti Tennessee, níbi tí kóòtù ti máa ń fa ẹlẹ́ṣẹ̀ kéékèèké lé ilé-iṣẹ́ aládàáni lọ́wọ́ pé kí ó máa ṣọ́ ọ, tí ẹlẹ́ṣẹ̀ náà yóò sì máa fi owó ara rẹ̀ san owó iṣẹ́ fún ẹni tí ń ṣọ́ ọ.

Bí ẹnikẹ́ni bá bi wá pé kí ni ó kàn wá nínú ọ̀rọ̀ Amẹ́ríkà, èsì wa kò jìnnà. Àwọn ọmọ wa pọ̀ ní Atlanta àti ní àwọn ìlú mìíràn ní Georgia, wọ́n ń ṣiṣẹ́, wọ́n ń wa ọkọ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni ní ìpínlẹ̀ náà, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìrúfin ojú pópó ni òfin kà sí ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀daràn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ kékeré. Yàtọ̀ sí èyí, ilẹ̀ tiwa pẹ̀lú ti ṣe òfin lọ́dún 2019 pé kí àwọn ẹlẹ́ṣẹ̀ kan máa jìyà wọn ní ìta, láìwọ ẹ̀wọ̀n. Ẹni tí ó fẹ́ gba ọ̀nà kan fún ìgbà àkọ́kọ́ yẹ kí ó béèrè ibi tí kòtò wà lọ́wọ́ ẹni tí ó ti gba ibẹ̀ ṣíwájú.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mọ orírun ọ̀rọ̀ náà. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1841, ọkùnrin kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ bàtà rírán, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ John Augustus, wà ní kóòtù ní ìlú Boston nígbà tí wọ́n mú ọ̀mùtí kan wọlé. Ọ̀mùtí náà bẹ̀bẹ̀ pé bí wọ́n bá lè gba òun lọ́wọ́ ẹ̀wọ̀n, òun kò ní fi ẹnu kan ọtí mọ́. Augustus dúró fún un. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó mú un padà wá síwájú adájọ́, ọkùnrin náà sì ti yí padà. Owó ìtanràn tí adájọ́ bù fún un jẹ́ sẹ́ǹtì kan péré pẹ̀lú owó kóòtù. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ dọ́là 3.76, ó sì san án lójú ẹsẹ̀. Láti ọjọ́ náà títí dé 1858, ènìyàn 1,946 ni Augustus ṣe onídùúró fún. Ó ń wá iṣẹ́ fún wọn, ó ń wá ilé fún wọn, ó sì ń ná owó ara rẹ̀ lé wọn lórí. Nígbà tí ó di 1878, ìpínlẹ̀ Massachusetts ṣe òfin pé kí ìlú Boston gba òṣìṣẹ́ kan tí yóò máa ṣe irú iṣẹ́ yìí, ìlú ni yóò sì máa san owó iṣẹ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ìtúsílẹ̀ lábẹ́ àmójútó ṣe bẹ̀rẹ̀ nílẹ̀ Amẹ́ríkà. Àánú ni ó bí i. Ẹni tí ń ṣe àmójútó ni ó ń náwó lé ẹni tí a ń mójú tó.

Ní ọjọ́ òní, ètò náà ti gbòòrò. Ní ìparí ọdún 2020, iye ènìyàn tí ó wà lábẹ́ irú àmójútó yìí ní Amẹ́ríkà lé ní 3,000,000. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣì wà lábẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba. Ṣùgbọ́n ní ti àwọn ẹlẹ́ṣẹ̀ kéékèèké, nǹkan ti yí padà ní àwọn ìpínlẹ̀ kan. Ní Georgia, láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2001, ìjọba ìpínlẹ̀ yọ ọwọ́ kúrò nínú àmójútó wọn, ó sì fi í lé àwọn ìjọba ìbílẹ̀ àti kóòtù wọn lọ́wọ́. Àwọn wọ̀nyí kò ní owó, tàbí wọn kò fẹ́ ná an, nítorí náà ọ̀pọ̀ nínú wọn gbé iṣẹ́ náà fún àwọn ilé-iṣẹ́ aládàáni. Àdéhùn náà dùn mọ́ ìjọba ìbílẹ̀ létí: ilé-iṣẹ́ náà kò ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ìjọba, yóò sì bá ìjọba gba owó ìtanràn jọ. Ọwọ́ ẹlẹ́ṣẹ̀ ni yóò ti gba owó tirẹ̀. Nígbà tí ẹgbẹ́ Human Rights Watch ṣe ìwádìí lórí ọ̀rọ̀ yìí, tí wọ́n sì gbé ìwé rẹ̀ jáde ní 2014, wọ́n rí i pé kóòtù tí ó lé ní 1,000 ní àwọn ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà ni ó ń lo irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n sì ṣírò rẹ̀ pé ní Georgia nìkan, owó tí àwọn ilé-iṣẹ́ wọ̀nyí ń gbà lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n ń ṣọ́ kò dín ní mílíọ̀nù 40 dọ́là lọ́dún.

Kí ó má bàa dà bí ẹni pé ọ̀rọ̀ lásán ni a ń sọ, ẹ jẹ́ kí á ṣe ìṣirò kékeré kan tí olùkọ́ èyíkéyìí lè kọ sójú pátákó. Ká ní ọkùnrin méjì rú òfin ojú pópó ní ọjọ́ kan náà, tí adájọ́ sì bu owó ìtanràn dọ́là 400 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹni kìíní ní owó; ó san án lójú ẹsẹ̀, ó sì lọ sílé. Ọ̀rọ̀ tirẹ̀ parí síbẹ̀. Ẹni kejì kò ní in. Adájọ́ ní kí ó máa san án díẹ̀díẹ̀ fún oṣù 12, kí ó sì wà lábẹ́ ilé-iṣẹ́ aládàáni títí yóò fi san tán. Ilé-iṣẹ́ náà ń gba dọ́là 40 lóṣù fún iṣẹ́ tirẹ̀. Agbára ọkùnrin náà kò ju dọ́là 50 lọ lóṣù. Nínú dọ́là 50 yìí, 40 ń lọ sí àpò ilé-iṣẹ́, 10 péré ni ó ń dín owó ìtanràn kù. Nígbà tí oṣù 12 bá pé, ọkùnrin náà ti san dọ́là 600, èyí tí ó ju gbogbo owó ìtanràn rẹ̀ lọ. Ilé-iṣẹ́ ti gba 480. Kóòtù ti gba 120. Ó sì tún ku 280 lọ́rùn rẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ kan náà, ìdájọ́ kan náà, adájọ́ kan náà. Ohun tí ó mú ìyà wọn yàtọ̀ ni pé owó wà lápò ẹnì kan, kò sí lápò ẹnì kejì. Ìyà ńlá ti gbé ẹnì kejì ṣánlẹ̀, kéékèèké wá ń gorí rẹ̀.

Àwa Yorùbá kò nílò ògbufọ̀ kí á tó mọ irú gbèsè báyìí. Láyé àtijọ́, bí ènìyàn bá yá owó tí kò sì rí i san, a máa fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà. Iṣẹ́ tí ìwọ̀fà ń ṣe lóko olówó rẹ̀, èlé owó ni. Kò dín gbèsè gan-an kù. Ó lè ro oko títí irun rẹ̀ yóò fi funfun, iye tí wọ́n yá ni yóò ṣì wà nílẹ̀. Bákan náà ni ológò wà, ẹni tí olówó máa ń rán lọ sí ilé ajigbèsè. Yóò jókòó sójú ọ̀nà, yóò máa pariwo, yóò máa pa adìẹ inú ilé jẹ, títí ìtìjú yóò fi mú kí wọ́n wá owó náà kárí. Samuel Johnson kọ nípa iṣẹ́ yìí nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí a tẹ̀ jáde ní 1921. Adìẹ tí ológò bá jẹ kò sí nínú ìṣirò gbèsè. A ti fi ìwọ̀fà sílẹ̀, a ti fi ológò sílẹ̀, a sì ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé wa pé ohun tí ó bu ènìyàn kù ni. Ó wá ya ni lẹ́nu pé orílẹ̀-èdè tí ó ti fòpin sí fífi ajigbèsè sẹ́wọ̀n ní kóòtù ìjọba àpapọ̀ rẹ̀ láti 1833 ni ó tún fi ọwọ́ ara rẹ̀ dá ológò sílẹ̀, tí ó wọ̀ ọ́ lẹ́wù òṣìṣẹ́ kóòtù, tí ó sì fún un ní ọlọ́pàá tí yóò máa tẹ̀ lé e.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ìlú Augusta ní Georgia ní 2012 fi ibi tí ọ̀rọ̀ náà lè dé hàn. Ọkùnrin kan tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́ jí agolo ọtí bíà kan tí owó rẹ̀ kò tó dọ́là méjì. Ó jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Kóòtù bu owó ìtanràn dọ́là 200 fún un, ó sì fi í sábẹ́ àmójútó fún oṣù 12 pẹ̀lú ẹ̀rọ tí wọ́n so mọ́ ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ láti máa mọ̀ bí ó bá mu ọtí. Dọ́là 80 ni wọ́n ní kí ó kọ́kọ́ san kí wọ́n tó lè so ẹ̀rọ náà mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Nítorí pé kò ní in, ó wà nínú àhámọ́ títí ẹnì kan fi ṣàánú rẹ̀ tí ó bá a san án. Nígbà tí ó jáde, owó ẹ̀rọ àti owó àmójútó tí ilé-iṣẹ́ náà ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀ tó nǹkan bí dọ́là 360 lóṣooṣù. Ọkùnrin yìí ń ta omi inú ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ fún àwọn tí ń rà á láti fi ṣe oògùn, kí ó lè rí nǹkan san. Síbẹ̀ kò tó. Gbèsè rẹ̀ lé ní dọ́là 1,000, ó ju owó ìtanràn rẹ̀ ní ìlọ́po márùn-ún lọ. Ilé-iṣẹ́ náà gbé e padà lọ síwájú adájọ́, adájọ́ sì fi í sẹ́wọ̀n. A kò sọ pé olè jíjà dára. Olè ni olè ń jẹ́, ìbáà ṣe agolo bíà kan. Ṣùgbọ́n ta ni ó lè fi ọwọ́ sọ àyà pé nítorí bíà yìí ni ọkùnrin náà ṣe ṣẹ́wọ̀n ìkẹyìn? Owó ẹ̀ṣọ́ ni ó bá a ṣẹ́wọ̀n.

Kì í ṣe pé òfin ilẹ̀ Amẹ́ríkà dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Láti Georgia kan náà ni ẹjọ́ tí wọ́n ń pè ní Bearden ti dé Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ ilẹ̀ náà. Ẹni tí ó pe ẹjọ́ náà kò mọ ìwé kà. Kóòtù ti ní kí ó san dọ́là 500 fún ìtanràn àti 250 fún ẹni tí ó ṣẹ̀. Àwọn òbí rẹ̀ yá owó, ó san dọ́là 200. Lẹ́yìn náà ni iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kò rí òmíràn, kò rí 550 tí ó kù san, wọ́n sì jù ú sẹ́wọ̀n. Ní 1983, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ sọ pé kò tọ́. Adájọ́ Sandra Day O'Connor ni ó kọ ìdájọ́ náà, kókó rẹ̀ sì ni pé kóòtù kò gbọdọ̀ fi ẹnikẹ́ni sẹ́wọ̀n nítorí pé kò san owó, àfi bí ó bá kọ́kọ́ wádìí bóyá ẹni náà ní in tí ó kọ̀ láti san án, tàbí bóyá kò ní in rárá. Bí kò bá ní in, kí kóòtù wá ìyà mìíràn tí ó bá ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ mu.

Òfin ti wà láti 1983. Kí ni ó wá fà á tí ọkùnrin Augusta fi wọ ẹ̀wọ̀n ní 2012? Níbí ni ọ̀rọ̀ ti dé ojú rẹ̀ gan-an. Ìwádìí tí òfin ní kí adájọ́ ṣe, ó nílò ẹni tí yóò sọ fún adájọ́ pé, “Ọkùnrin yìí ń gbìyànjú, ṣùgbọ́n kò ní in.” Òṣìṣẹ́ tí ó ń rí ẹlẹ́ṣẹ̀ lóṣooṣù ni ó yẹ kí ó sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí òṣìṣẹ́ náà bá jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ tí ó ń jẹun láti ara owó tí ẹlẹ́ṣẹ̀ ń san, ọjọ́ tí ó bá sọ pé kí wọ́n dárí owó ji ẹni náà, oúnjẹ ara rẹ̀ ni ó dà nù. Bí ó bá sọ pé kí wọ́n tú u sílẹ̀ lábẹ́ àmójútó nítorí ó ti yí padà, owó oṣù tí ń bọ̀ ni ó sọnù. Bí ó bá halẹ̀ ẹ̀wọ̀n mọ́ ọn, ìyàwó ẹni náà lè ta nǹkan, ìyá rẹ̀ lè yá owó, owó yóò sì wọlé. A kò ní láti pe ẹnikẹ́ni ní ènìyàn burúkú kí á tó rí i pé ètò náà fúnra rẹ̀ wọ́. Ta ni í fi ológbò ṣọ́ ẹja gbígbẹ, tí yóò tún máa bú ológbò nígbà tí ẹja bá dín?

Àwọn adájọ́ kan ní Amẹ́ríkà ti rí ìwọ́ yìí, wọ́n sì ti sọ̀rọ̀. Ní oṣù keje ọdún 2012, Adájọ́ Hub Harrington ní ìpínlẹ̀ Alabama gbọ́ ẹjọ́ àwọn tí kóòtù ìlú kékeré Harpersville fà lé ilé-iṣẹ́ aládàáni kan lọ́wọ́. Ó kọ ọ́ sínú ìdájọ́ rẹ̀ pé ẹ̀wọ̀n ajigbèsè ni wọ́n sọ ibẹ̀ dà, ó sì pe gbogbo ètò náà ní ìlọ́nilọ́wọ́gbà tí kóòtù fi àṣẹ tì lẹ́yìn. Ní Tennessee, àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn ní ìjọba ìbílẹ̀ Rutherford gbé ẹjọ́ lọ sí kóòtù ìjọba àpapọ̀ ní 2015. Nígbà tí wọ́n parí ẹjọ́ náà ní ìtùnbí-ìnùbí láàrín 2017 sí 2018, dọ́là 14,300,000 ni wọ́n fẹnu kò lé lórí. Ilé-iṣẹ́ tí ó ń ṣe àmójútó níbẹ̀ sì ti kógbá wọlé.

Ó tọ́ kí á gbọ́ tẹnu àwọn tí ó fara mọ́ ètò yìí pẹ̀lú, nítorí agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ẹni tí kò ṣẹ̀ kò yẹ kí ó fi owó orí rẹ̀ san owó àmójútó ẹni tí ó ṣẹ̀. Wọ́n ní ìjọba ìbílẹ̀ kéékèèké kò lágbára láti gba òṣìṣẹ́ tirẹ̀. Wọ́n tún ní bí kò bá sí ilé-iṣẹ́ aládàáni, ẹ̀wọ̀n ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ènìyàn wọ̀nyí ìbá ti wà. Ọ̀rọ̀ kìíní dùn létí, ṣùgbọ́n kò dúró. Nítorí bí ó bá jẹ́ pé ẹlẹ́ṣẹ̀ ni kí ó san owó òfin tí ó dá a lẹ́bi, kí ni ó dé tí olówó tí ó san ìtanràn rẹ̀ lójú ẹsẹ̀ kò san án? Ẹni tí ó jẹ́ pé àìlówólọ́wọ́ nìkan ni ó gbé e dé abẹ́ àmójútó, kí ni ilé-iṣẹ́ náà ń mójú tó lára rẹ̀ ju àpò rẹ̀ lọ? Kò bá a wá iṣẹ́ bí ti Augustus, kò gbà á lọ́wọ́ ọtí. Owó ni ó ń bá a gbà. Ní ti ọ̀rọ̀ kejì, àtìmọ́lé kì í ṣe ọ̀fẹ́. Ìjọba tí ó sọ pé òun kò ní owó fún òṣìṣẹ́ kan náà ni ó ń bọ́ ẹni tí ó tì mọ́lé nítorí dọ́là díẹ̀, tí ẹni náà sì ń pàdánù iṣẹ́ tí ìbá fi san án. Ní ti ẹ̀kẹta, kì í ṣe ọ̀nà méjì péré ni ó wà. Iṣẹ́ ìlú wà, àforíjì owó wà, sísan díẹ̀díẹ̀ láìsí owó ẹ̀ṣọ́ wà.

A gbọ́dọ̀ yin Georgia níbi tí ìyìn bá tọ́ sí i. Ní 2014, àwọn aṣòfin ibẹ̀ fi ọwọ́ sí òfin kan tí ìbá fi ìwé àwọn ilé-iṣẹ́ wọ̀nyí pamọ́ fún aráàlú. Gómìnà Nathan Deal kọ̀, kò buwọ́ lù ú. Ní ọdún kan náà, ilé-ẹjọ́ gíga jùlọ ìpínlẹ̀ náà sọ pé fífi àmójútó lé aládàáni lọ́wọ́ kò lòdì sí òfin, ṣùgbọ́n kóòtù kò gbọdọ̀ fa àkókò ìyà ẹlẹ́ṣẹ̀ kékeré gùn kọjá iye tí ó dá fún un ní ìbẹ̀rẹ̀. Ní 2015, wọ́n ṣe òfin tuntun pé ẹni tí ó wà lábẹ́ àmójútó nítorí owó nìkan kò ní san owó àmójútó ju ti oṣù mẹ́ta lọ. Ẹ wo ìṣirò wa ti ìṣáájú: 480 ti di 120. Bí òfin gbólóhùn kan bá lè gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀ kúrò lórí mẹ̀kúnnù, a jẹ́ pé àmúwá ènìyàn ni ẹrù náà láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ohun tí kò bá fìdí múlẹ̀ sínú òfin kì í pẹ́ kí atẹ́gùn tó gbé e lọ. Ní oṣù kẹta ọdún 2016, ilé-iṣẹ́ ètò ìdájọ́ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà kọ ìwé sí àwọn kóòtù ìpínlẹ̀ láti rán wọn létí ìdájọ́ 1983. Ní oṣù kejìlá 2017, ìjọba mìíràn fagi lé ìwé náà. Ní 2023, ìjọba mìíràn tún kọ irú rẹ̀. Ẹ̀tọ́ tálákà kò yẹ kí ó máa dìde, kí ó máa jókòó, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó wà lórí àga bá ṣe fẹ́.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí á yí ojú sílé. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè. Òfin ìdájọ́ ọ̀daràn ti 2015 ní Nàìjíríà fún adájọ́ láyè láti tú ẹlẹ́ṣẹ̀ sílẹ̀ lábẹ́ àmójútó tàbí láti ní kí ó ṣe iṣẹ́ ìlú. Òfin ti 2019, tí ó sọ ilé-iṣẹ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n di ilé-iṣẹ́ àtúnṣe ìwà, dá ẹ̀ka kan sílẹ̀ fún àmójútó àwọn tí yóò jìyà wọn ní ìta. Àwọn òfin wọ̀nyí dára. Síbẹ̀, ní oṣù kọkànlá ọdún 2023, Mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé, Ọ̀gbẹ́ni Olúbùnmi Túnjí-Òjò, kéde ìdásílẹ̀ ẹlẹ́wọ̀n 4,068 tí ó jẹ́ pé àìrí owó ìtanràn tàbí owó gbà-máà-bínú san ni ó dá wọn dúró. Owó tí àwọn ọlọ́rẹ kó jọ láti fi gbà wọ́n jẹ́ ₦585,000,000. Bí a bá pín in, kò tó ₦150,000 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. A dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tí ó dáwó. Ṣùgbọ́n ìdájọ́ tí ó ń dúró de ọlọ́rẹ kí ó tó tọ́, ìdájọ́ wo ni? Tálákà ilẹ̀ wa ti mọ ìtumọ̀ “san owó tàbí kí o lọ sẹ́wọ̀n” tipẹ́. Bí a bá fẹ́ fi àmójútó rọ́pò ẹ̀wọ̀n fún un, kí a má ṣe fi gbèsè tuntun rọ́pò rẹ̀.

Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni tó dìde láti dábàá pé kí ìjọba gbé àmójútó àwọn ẹlẹ́ṣẹ̀ fún aládàáni láti fi dín ìnáwó kù, àwa ń sọ èrò tiwa sílẹ̀ báyìí, kò sì ní yí padà. Kí adájọ́ béèrè agbára ẹlẹ́ṣẹ̀ kí ó tó bu owó ìtanràn fún un, kí ó má ṣe jẹ́ ìgbà tí gbèsè bá ti wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Kí ẹni tí kò ní owó ṣe iṣẹ́ ìlú tí ó ní iye ọjọ́ àti òpin. Kí òṣìṣẹ́ tí ń mójú tó ẹlẹ́ṣẹ̀ jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba tí ń gba owó oṣù, kí ó má jẹ́ pé bí ẹlẹ́ṣẹ̀ bá ṣe pẹ́ tó lábẹ́ rẹ̀ ni àpò rẹ̀ yóò ṣe kún tó. Kí ìwé ìṣirò gbogbo kọ́bọ̀ tí kóòtù bá gbà lọ́wọ́ ẹlẹ́ṣẹ̀ wà níbi tí aráàlú ti lè kà á. Kí a má sì gba owó ẹ̀ṣọ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tí ẹ̀ṣọ́ rẹ̀ kò ní ìdí mìíràn ju pé kò ní owó lọ.

Ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ ń ka ìwé ìròyìn yìí, ẹ mọ̀ pé ọmọ tí ẹ bá nà nítorí pé ó pẹ́ dé yóò gbàgbé pàṣán kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní kí ó máa san owó pàṣán lójoojúmọ́, tí ẹ sì ń nà án sí i nígbà tí kò bá rí i san, kò ní kọ́ láti máa tètè dé. Yóò sá kúrò nílé-ìwé ni. Ẹ̀yin ènìyàn wa tí ẹ ń dìbò, ẹ̀yin ni ẹ ń rán àwọn aṣòfin níṣẹ́. Ẹ bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n ń ṣe sí òfin 2019: òṣìṣẹ́ àmójútó mélòó ni wọ́n ti gbà, owó wo ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún un. Ìjọba tí kò bá fi owó sílẹ̀ fún iṣẹ́ àánú lónìí ni ọlọ́jà yóò bá dúnàádúrà lé e lórí lọ́la.

Ẹni tí ó bá ṣẹ̀, kí ó jìyà ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí ó bá jẹ ẹ́ tán, kí a jẹ́ kí ó lọ.